Ibi Tó Ti Jò Kọ́ Ni Ibi Tó Ti Hàn: Ọ̀rọ̀ Nípa Gáàsì Abẹ́ Ilẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Ìlúpéjú nìyí, níwájú àwọn onílé, ayálégbé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò ráyè wá lè kà á.

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé Sátidé ni òní, mo sì ń rí aṣọ ẹbí lára àwọn mìíràn nínú yín láti ibi tí mo dúró sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya ibí kó tó kọjá sí òde, ó fẹ́ràn ilé rẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.

Bàbá alága ní kí n má gbé gírámà wá. N kò ní gbé e wá, torí iṣẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Ìwádìí tí mò ń ṣe láti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ju ìbéèrè kan lọ: bí ọ̀pá gáàsì bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀, báwo la ṣe lè tètè mọ̀, báwo la sì ṣe lè mọ ojú ibi tó ti ń jò, kí iná tó wá sọ fún wa? Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń bá a yí. Mo rò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni yóò dáhùn ìbéèrè náà. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí ni pé ẹ̀rọ nìkan kò lè dáhùn rẹ̀ ní Èkó, àti pé apá tó kù nínú ìdáhùn náà, ọwọ́ yín ló wà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020. Ilé wa ní Festac ni mo wà, à ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé pálọ̀ sì já wálẹ̀ sórí àga tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. A rò pé ilé ló wó. Abúlé-Àdó ni. Ohun tí NNPC sọ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀pá epo wọn. Ilé wó lọ súà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bethlehem tó wà níbẹ̀, kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ kò sì jáde. Mo ti ń wá ohun tí màá fi ṣe ìwádìí nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò wá a mọ́.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí èyí tó ṣáájú. Abúlé-Ẹ̀gbá, níbi tí ọ̀pá epo ti gbiná ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2006. Ìjẹ̀gun, ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí katakata tó ń ṣe títì fi irin ẹnu rẹ̀ gbá ọ̀pá tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, tí àwọn ọmọ iléèwé wà lára wọn. Epo ni ti ibi méjèèjì yìí. Bí epo bá jò, ilẹ̀ á tutù, á máa dán, ojú á rí i. Ohun tí mò ń bá yín sọ lónìí kò ní àwọ̀, kò tutù lọ́wọ́, bí ó bá sì ti inú ilẹ̀ jáde wá bá yín, ẹ kò ní rí i.

Ibo ni gáàsì náà ti ń wá? Láti Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni ọ̀pá ńlá kan ti ń gbé e wá sí Èkó, títí dé ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Ẹ́gbìn lọ́nà Ìkòròdú. Lára rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá kéékèèké ti yà lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Àpápá, àti níbí ní Ìlúpéjú. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, tó ń ṣe ike, tó ń yọ́ gíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi dísù sílẹ̀, gáàsì ni wọ́n ń lò. Láti ọdún 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọdún mẹ́wàá gáàsì ti bẹ̀rẹ̀, àti láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí ọkọ̀ sì ti ń yí sí gáàsì, ọ̀pá tuntun ń wọlẹ̀ sí i. N kò bẹ̀rù rẹ̀. Gáàsì mọ́ ju dísù lọ, ó sì rọ àwọn ilé iṣẹ́ lọ́rùn ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Àmọ́ ohun tí a bá rì sí ẹnu ọ̀nà ara wa, ó yẹ ká mọ ìwà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya gáàsì méjì sọ́tọ̀, torí àṣìṣe tó wà níbí lè pa èèyàn. Gáàsì inú sìlíńdà tí ẹ fi ń dáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá jò nínú kíṣìnì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, á tẹ́ sílẹ̀ bí omi, á ṣàn wọ gọ́tà. Gáàsì inú ọ̀pá kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó fúyẹ́, ìwúwo rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì ti atẹ́gùn lọ ni. Òkè ló ń wá. Ní ìta gbangba, á fò lọ, á túká. Inú ilé ni ìjàǹbá rẹ̀ wà, lábẹ́ àjà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú kòtò tí wọ́n fi ọmọrí bò. Bí ó bá kéré sí 5 nínú 100 atẹ́gùn yàrá, kò ní gbiná. Bí ó bá ju 15 lọ, kò ní gbiná bákan náà, torí atẹ́gùn tí iná fẹ́ mí kò ní tó. Àárín méjèèjì ni ewu wà, bọ́tìnnì iná tí èèyàn tẹ̀ láti wá ohun tó ń rùn sì tó láti tan án.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé, "A máa gbóòórùn rẹ̀." Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Gáàsì tó wá láti inú ilẹ̀ kò ní òórùn kankan. Òórùn bí ẹyin ọ̀bu tí ẹ mọ̀ yẹn, àwọn ẹnjiníà ló ń fi í sínú rẹ̀, mercaptan lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ló jẹ́ kó di òfin. Ní ìlú New London ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1937, gáàsì tí kò ní òórùn jò sí abẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó kó jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, olùkọ́ kò mọ̀, ọmọ kò mọ̀. Iná tó ṣẹ́ láti ara ẹ̀rọ ìfági kan ló kàn án. Nǹkan bí ènìyàn 295 ló kú, àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣòfin pé kí gáàsì máa rùn.

Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ lè já òórùn yẹn gbà. Bí gáàsì bá gba inú amọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, amọ̀ a máa di mercaptan mú, bí asẹ́ ṣe ń di èérí ògì mú, tí omi ògì á sì kọjá. Gáàsì á jáde lódìkejì, òórùn rẹ̀ á ti dín kù tàbí kó ti tán. Ó lè wà nínú yàrá kí imú má gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí imú yín bá sọ pé ewu wà, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí imú yín bá sọ pé kò séwu, ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ èyí tó kàn, torí òun ni ọdún mẹ́rin mi. Ìbéèrè náà rọrùn létí: bí ọ̀pá bá lu níbí, ibo ni gáàsì rẹ̀ yóò ti yọjú? Gbogbo wa ló máa sọ pé òkè ibẹ̀ ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Mo kan pákó pọ̀, mo ṣe àpótí kan tó gùn bí ibùsùn, mo fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀. Mo ki páìpù kan sí ìsàlẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dá a lu ní àárín gbùngbùn. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ pupa láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, mo rọ́ ọ lé e lórí, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo to sẹ́ńsọ̀ méje, ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí gáàsì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sí orí rẹ̀ ní ìlà kan, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Gáàsì tí mo tì sínú páìpù náà, mo ti fi nitrogen pò ó débi pé kò lè gbiná, ẹ má bẹ̀rù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, sẹ́ńsọ̀ àárín ló kọ́kọ́ dún, gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe sọ. Inú mi dùn, mo lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìgò tí mo dá lu ní ìdérí bu omi wọ́n ọn bí òjò, títí ojú iyẹ̀pẹ̀ fi rin. Mo ṣí gáàsì. Sẹ́ńsọ̀ àárín dákẹ́. Mo dúró, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo tiẹ̀ fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ni èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún dún, níbi tí omi kò dé. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi pálì ìkọ́lé bo gbogbo ojú rẹ̀ bí ẹni da ọ̀dà sí títì, mo fi àyè bíńtín sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun òsì, mo pè é ní gọ́tà. Gọ́tà náà ló kún fún gáàsì. Bí ẹ bá wo orí ihò tí mo fi abẹ́rẹ́ dá, ẹ ò lè mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó fà á kò le. Àárín wóró iyẹ̀pẹ̀ kan sí èkejì, àlàfo wà níbẹ̀, àlàfo yìí ni gáàsì ń gbà. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba àlàfo òkè, ọ̀nà òkè á dí. Bí wọ́n bá da ọ̀dà tàbí kọnkéré sí ojú ilẹ̀, ó dí pátápátá. Gáàsì kò sì ní dúró. Á wá ẹ̀gbẹ́ lọ, á máa wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ibo ni ilẹ̀ ti rọ̀ ní Èkó? Níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ rí tí wọ́n sì ti dí i padà. Kòtò páìpù omi. Kòtò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú odò tí wọ́n fi yanrìn dí. Sọ́káwéè àtijọ́. Ó lè jò ní ojú títì, kó gba abẹ́ títì lọ, kó wá yọjú nínú ilé kan, ní ihò tí páìpù omi gbà wọlé lábẹ́ síńkì. Ní oṣù Kẹfà tí òjò Èkó ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, abẹ́ ilé yín lè jẹ́ ibi gbígbẹ kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo àdúgbò. Ibẹ̀ ló ń bọ̀.

Ẹ̀rọ wà o. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn tó ni ọ̀pá wọ̀nyí ń sùn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ dà bí ti ìyá ọlọ́jà ní Máìlì 12: ẹ fi kọ́ńgò wọn gàrí tó wọlé, ẹ fi kọ́ńgò wọn èyí tó jáde, ẹ wo ohun tó dín. Mítà wà ní orí ọ̀pá, mítà wà ní ìdí rẹ̀. Ó dára fún ihò ńlá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́ gàrí ọgọ́rùn-ún bá kọjá, tí ẹ̀kúnwọ́ kan ń dà nù lójoojúmọ́, kọ́ńgò kò ní rí i, torí ọwọ́ tó ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ máa ń ṣì ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Jíjò díẹ̀díẹ̀ tó ń kó jọ sábẹ́ ilé fún oṣù mẹ́ta, kọ́ńgò kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni etí. Bí ọ̀pá bá bẹ́ lójijì, ìró kan á gba inú gáàsì náà sáré lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ní nǹkan bí mítà 430 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ọ̀pá náà gùn ní kìlómítà 10, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sì wà ní Ìlúpéjú. Bí ẹ̀rọ méjì tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, àárín ló ti bẹ́. Bí ti Ìlúpéjú bá fi ìṣẹ́jú àáyá 5 ṣáájú èkejì gbọ́, ẹ sọ 5 di ìlọ́po 430, ó di 2,150, ẹ pín in sí méjì, ó di 1,075. Láti àárín, ẹ wá mítà 1,075 sí ọ̀dọ̀ Ìlúpéjú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ gbẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí gan-an, ọmọ girama lè ṣe é. Àmọ́ ọ̀pá tó dógùn-ún tó sì lu díẹ̀díẹ̀ kò ní pariwo lọ́jọ́ tó lu. Omi iyọ̀ ló yí wa ká, irin tó wà nínú ilẹ̀ wa sì ń tètè dógùn-ún. Wọ́n a fi ọ̀rá líle wé e, wọ́n a tún so magnesium, irin mìíràn, mọ́ ọn kí ìdógùn-ún jẹ ìyẹn dípò rẹ̀. Níbi tí ọ̀rá náà bá ti ya, tí magnesium bá sì ti tán, ọ̀pá náà ló kàn.

Wáyà fáíbà ni ẹ̀kẹta, irú èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, wọ́n a máa rán ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ ibì kan bá mì tàbí tó tutù, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á yí. Kí ló ń mú ilẹ̀ tutù? Ẹ ti rí i lọ́dọ̀ fọkanáísà: bó bá tú atẹ́gùn táyà, ẹnu fáàfù á tutù lọ́wọ́. Gáàsì tó ń ti ibi tó fún jáde síbi tó gbòòrò ń ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yí ihò náà ká á tutù. Fáíbà á sọ ọ́. Á tún sọ bí dígà bá ń gbẹ́lẹ̀ nítòsí. Mo gbà pé òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀pá tí wọ́n rì láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní in lára, owó tí yóò sì ná wọn láti hú ilẹ̀ Ìkẹjà àti Ìlúpéjú lẹ́ẹ̀kan sí i kò kéré.

Ẹ̀rọ tí mo gbé sórí tábìlì yìí ni ẹ̀kẹrin. Ó ń tan iná lésà tí ojú wa kò lè rí, mẹ́téènì a máa gbé lára ìmọ́lẹ̀ náà mì, ẹ̀rọ á wo iye tó padà. Mo lè dúró sí títì kí n fi wo ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ lè máa wò ó, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí ọmọdé kọ ojú sí ẹnu rẹ̀.

Wàyí o, Èkó ní ìṣòro tirẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí kò mọ̀. Mẹ́téènì kì í ṣe ti ọ̀pá nìkan. Ohunkóhun tó bá ń jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò sí ń mú un jáde: àbàtà, ààtàn, ṣálángá. Ẹ rántí iná tó sọ ní ààtàn Olúsósùn ní Ọjọ́ta lóṣù Kẹta ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó ló jókòó sórí àbàtà tí a fi yanrìn àti ìdọ̀tí dí. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ yìí jáde, á máa ké kiri. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ti ọ̀pá yàtọ̀ sí ti ṣálángá?

Ọgbọ́n kan wà. Gáàsì inú ọ̀pá ní àbúrò kan tí wọ́n jọ máa ń rìn, ẹ́téènì lorúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, níbi tí ooru ti sè é, ni wọ́n ti jọ wá. Mẹ́téènì tó wá láti inú ìdọ̀tí kì í ní ẹ́téènì lára tó ohun tí a lè kà sí. Bí mo bá rí méjèèjì, mo mọ̀ pé ọ̀pá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí èyí. Ìyá kan ń din àkàrà ní ìyànà kan, kò jìnnà síbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i pé koríko ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn ti kú, ó kú ní ìlà gbọọrọ, èyí tó wà ní ọ̀tún àti òsì sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa, tó bá rí irú koríko bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Gáàsì inú ilẹ̀ a máa lé atẹ́gùn kúrò ní ìdí gbòǹgbò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ mẹ́téènì nínú iyẹ̀pẹ̀ á tún lo ìwọ̀nba atẹ́gùn tó kù. Mo kí ìyá náà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni koríko yìí ti rí báyìí?" Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀rọ ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn ni iná mi wà tẹ́lẹ̀. Mo gbé e kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn, ó máa ń hó bí òjò bá rọ̀."

Ó máa ń hó! Mo kúnlẹ̀, mo bu omi sí i. Hóró omi kéékèèké yọ, ọ̀kan, méjì, bí ìgbà tí ẹ da omi ọṣẹ sí ẹnu sìlíńdà tí wáṣà rẹ̀ ti gbó. Mẹ́téènì wà níbẹ̀, ó pọ̀. Mo fa díẹ̀ sínú báàgì, mo gbé e lọ sí láàbù. Kò sí ẹ́téènì. Mo padà lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀pá, àmọ́ n kò mọ ohun tó jẹ́. Ìyá ní, "Ìwọ ò bi mí. Ṣálángá ilé bàbá ọkọ mi ni. Wọ́n wó ilé náà, wọ́n rọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kòtò tí omi ẹ̀gbin gbà lọ síbẹ̀ ni ìlà tí ò ń wò yẹn."

Mo ti lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí ìlà koríko yẹn. Ìyá ti mọ̀ ọ́n kí n tó dé. Kò sí àwòrán ilẹ̀ kankan tí mo rí ní ọ́fíìsì kankan tó ní ṣálángá yẹn nínú. Orí ìyá nìkan ló wà. Ewu wà níbẹ̀ síbẹ̀, torí mẹ́téènì ni mẹ́téènì, onílé sì ti jẹ́ kí wọ́n fi páìpù fa èémí rẹ̀ sókè ju òrùlé lọ. Àmọ́ ẹ ronú bí ọ̀pá gáàsì bá lu nítòsí ibẹ̀ lọ́la. Kòtò ẹ̀gbin àtijọ́ yẹn ni gáàsì máa tọ̀, tààrà lọ sí abẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tó dára jù láyé kò lè mọ èyí bí ẹni tó mọ ilẹ̀ kò bá sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí: púlọ́ńbà, àwọn tó ń rì wáyà, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ìgbàlódé. Ọ̀pá tí ẹ bá gbá kò di dandan kó bẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní Ghislenghien, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ̀rọ ìkọ́lé kan ti ha ọ̀pá gáàsì kan lára, wọ́n bo ilẹ̀ padà, ayé ń lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2004, ó bẹ́, ènìyàn 24 kú, panápaná wà lára wọn. Mo ti dúró létí kòtò kan níbí rí, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń fi dígà gbẹ́ ọ̀nà wáyà. Ó fa ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ti yí mọ́ ẹrẹ̀ jáde, ó jù ú sẹ́yìn, ó tún gbé dígà sókè. Mo kígbe. Ọ̀rá ìkìlọ̀ ni, àwọ̀ ìyeyè ló ní kí amọ̀ tó pa á láró. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sókè ọ̀pá kí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ bá a pàdé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Bàbá tó gbé iṣẹ́ fún un náà kò mọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé dígà kalẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ síwájú, ẹ pe àwọn tó ni ọ̀pá náà. Bí ẹ bá sì ti gbá a, kódà kó jẹ́ pé ó kàn ha ni, ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí owó ìtanràn.

Wọ́n bi mí ní ohun tí èèyàn lè ṣe bí ó bá fura. Ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ fi bọ́tìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má ta jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí ẹ ṣe ń jáde, ẹ kó ọmọ àti arúgbó kúrò, ẹ kọrí síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti jìnnà ni kí ẹ tó yọ fóònù, kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá kan bèèrè bóyá àwọn lè rọ́ iyẹ̀pẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí ibi tó ti ń jáde. Rárá o, mà. Ẹ ti rí ohun tí àpótí mi ṣe. Bí ẹ bá dí i níbí, á lọ jáde lọ́dọ̀ aládùúgbò yín.

Ohun tí mo wá tọrọ ló kù. Lórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́yìn, mo ti tẹ́ àwòrán àdúgbò yìí sílẹ̀. Títì wà nínú rẹ̀, ilé wà nínú rẹ̀, gọ́tà ìjọba wà nínú rẹ̀. Odò tó ń ṣàn níbí kí wọ́n tó dí i kò sí nínú rẹ̀. Kànga tí ẹ ti ń pọnmi nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọdé kò sí nínú rẹ̀, ṣálángá àtijọ́ kò sí, ibi tí ilé ti máa ń rì lọ́dọọdún kò sí, ibi tí koríko kì í hù kò sí. Bàbá alága ti sọ fún mi pé ọdún 1971 ni àwọn kó wá síbí, àwọn sì mọ ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti máa ń ké. Mo fẹ́ kí bàbá fi ọwọ́ ara wọn fa ìlà ibẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ̀wé, kí ó fi ìka hàn mí, màá bá a kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù méjìlá ló wà níbẹ̀, èyí tó ní réésà ní ìdí ni mo rà.